Físà fún Ọmọ Táíláńdì: Bí A Ṣe Ń Gbà Á fún Àbẹ̀wò àti fún Iṣẹ́ Lókè Òkun

Lábúlé àwọn àna mi ní ìpínlẹ̀ Khon Kaen, lápá àríwá ìlà-oòrùn Táíláńdì tí wọ́n ń pè ní Isan, agboolé tí kò ní ọmọ kan lẹ́yìn odi kò pọ̀. Ọmọ ilé kìíní ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Táíwàn, ti ilé kejì ń roko ní Ísírẹ́lì, ìyá kan tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa ń se oúnjẹ ní Jámánì. Nítorí pé mo ti bá ìyàwó mi àti àwọn àbúrò rẹ̀ to ìwé físà lọ́pọ̀ ìgbà, àwọn ọmọ Yorùbá tó fẹ́ ọmọ Táíláńdì, ní Bangkok àti ní London, máa ń pè mí pé: "Ẹ̀gbọ́n, níbo la ti máa bẹ̀rẹ̀?" Ìdáhùn mi rèé.

Ìwé ìrìnnà Táíláńdì lágbára ju tiwa lọ. Ó ń ṣí ilẹ̀kùn púpọ̀ ní Éṣíà láìsí físà. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé bí ilẹ̀kùn bá ti ṣí, kò sí ohun tí àwọn ò lè wọlé lọ ṣe. Ẹni tó wọlé láìgba físà, àlejò ni. Àlejò kì í gba owó oṣù.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ sọ ohun tí ẹ ń lọ ṣe gan-an

Kí ẹ tó ṣí ìkànnì kankan, ẹ dáhùn ìbéèrè mẹ́ta: kí ni mò ń lọ ṣe, ọjọ́ mélòó ni mo máa lò, ta ló máa san owó rẹ̀? Ẹni tó fẹ́ lọ wo òdòdó igi ṣẹ́rì ní Jàpáánì fún ọjọ́ mẹ́wàá, ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀. Ẹni tó fẹ́ lọ bá ọkọ rẹ̀ gbé ní London, ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́ bá wà nínú ìdáhùn yín, bó ti wù kí owó náà kéré mọ, ẹ má fi ìgbésẹ̀ kẹta àti ìkẹrin gba ara yín lákòókò, ìgbésẹ̀ karùn-ún ni tiyín. Ọ̀rẹ́ tó bá ní kí ẹ wọlé bí àlejò ná, pé ìwé iṣẹ́ á tẹ̀lé e, kì í ṣe òun ni wọ́n máa tì mọ́lé.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ tún ìwé ilé ṣe

Ìwé ìrìnnà ni àkọ́kọ́. Ọlọ́dún 5 jẹ́ 1,000 baht, ọlọ́dún 10 jẹ́ 1,500 baht. Ẹni tí kò tíì pé ọmọ 20 ọdún kò lè gba ọlọ́dún 10, òbí rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, torí pé ọmọdé ni òfin Táíláńdì ṣì kà á sí. Olú ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Chaeng Watthana ní Bangkok, ṣùgbọ́n ẹ̀ka wà káàkiri àwọn ìpínlẹ̀, kò sídìí tí ará Khon Kaen fi máa wọ bọ́ọ̀sì òru lọ sí Bangkok nítorí rẹ̀. Bí àkókò tó kù lórí ìwé yín kò bá pọ̀ ju oṣù mẹ́fà lọ, ẹ sọ ọ́ di tuntun kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ físà.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ orúkọ, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ níbí, torí ibẹ̀ ni mo ti rí ìwé tó bàjẹ́ jù. Àwọn ọmọ Táíláńdì máa ń yí orúkọ padà. Bí nǹkan bá dojú rú, tí awòràwọ̀ bá sọ pé orúkọ náà kò bá kádàrá ẹni mu, wọ́n á lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, wọ́n á gba tuntun. Àwa tó gbà pé orúkọ ń roni kò ní bá wọn jà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń yẹ físà wò kò mọ̀ pé ẹnì kan náà ni ẹni tó gba ìwé ẹ̀rí yunifásítì lọ́dún mẹ́jọ sẹ́yìn àti ẹni tó jókòó síwájú rẹ̀ yìí. Bí ẹ bá ti yí orúkọ padà lẹ́ẹ̀mẹta, ìwé ìyípadà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ẹ máa kó sílẹ̀, ẹ tò wọ́n láti ti àtijọ́ dé tuntun, ẹ sì fi ìwé ìgbéyàwó kún un bí orúkọ ìdílé bá ti yí padà nítorí ọkọ.

Ọ̀rọ̀ sípẹ́lì náà wà níbẹ̀. Lẹ́tà Thai kì í ṣe A, B, D, torí náà orúkọ kan ṣoṣo lè gba ọ̀nà mẹ́ta mẹ́rin wọlé sínú lẹ́tà òyìnbó. Ìlànà tí mo ń tẹ̀ lé ni pé bó ṣe wà nínú ìwé ìrìnnà ni kó ṣe wà níbi gbogbo: nínú ìtumọ̀ ìwé ìbí, lẹ́tà báńkì, tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú. Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé kékeré fún ògbufọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Orúkọ ìnagijẹ tí gbogbo ọmọ Táíláńdì ní, tí wọ́n ń pè ní "chue len", kò gbọ̀dọ̀ dé orí fọ́ọ̀mù. Mo ti rí ìwé ìpè tí ọ̀rẹ́ kan kọ láti Yúróòpù tó jẹ́ pé orúkọ ìnagijẹ ló kọ síbẹ̀, torí òun nìkan ló mọ̀. Wọ́n dá físà náà padà.

Ẹ tún wo ọdún. Kàlẹ́ńdà ẹ̀sìn Búdà ni ìwé Táíláńdì ń lò, ó sì fi ọdún 543 ṣíwájú tiwa. Ẹni tí ìwé ìbí rẹ̀ sọ pé 2535, ọdún 1992 ni wọ́n bí i. Ògbufọ̀ tó bá ń kánjú lè ṣi ìṣírò náà ṣe, ọjọ́ orí yín á wá yàtọ̀ nínú ìwé méjì. Ẹ fi ọwọ́ ara yín yọ 543 kúrò lórí gbogbo ọdún tó wà nínú ìwé náà kí ẹ tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìwé tó kù ni káàdì ìdánimọ̀, ìwé ilé aláwọ̀ búlúù tí wọ́n ń pè ní "tabien baan", ìwé ìbí, àti ìwé ìgbéyàwó tàbí ti ìkọ̀sílẹ̀. Ọkùnrin máa mú ìwé ológun mọ́ ọn, torí pé wọ́n ń pe ọ̀dọ́kùnrin ọmọ ọdún 21 wá síbi ìyan-ọmọ-ogun ní oṣù Kẹrin, níbi tí wọ́n ti ń fa káàdì dúdú (ẹni tó bọ́) tàbí pupa (ẹni tó máa wọ iṣẹ́ ológun). Ìwé náà ni Sor Dor 43 fún ẹni tó ti débẹ̀, Sor Dor 8 fún ẹni tó ti gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ológun nílé ìwé. Bí físà yín bá jẹ́ ti iṣẹ́ tàbí ti ìdílé, ó ṣeé ṣe kí wọ́n béèrè ìwé ẹ̀rí láti ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá Táíláńdì pé ẹ ò lẹ́jọ́, àti pé kí ẹ mú ìtumọ̀ ìwé lọ gba òǹtẹ̀ ní ẹ̀ka kọ́ńsúlà iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ òkèèrè, kí iléeṣẹ́ aṣojú orílẹ̀-èdè tí ẹ ń lọ tó tún lu tirẹ̀ lé e. Òǹtẹ̀ lórí òǹtẹ̀ yìí ń jẹ ọjọ́, ẹ ṣètò rẹ̀ ṣáájú.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ibi tí kò gba físà, àti iye ọjọ́ tí ẹ ní

Màléṣíà, Sìngápọ̀, Indonéṣíà, Fíẹ́tínáàmù, Fílípìnì àti Láósì ń fún ọmọ Táíláńdì ní ọjọ́ 30. Hong Kong àti Tọ́kì náà ń fún un ní 30, bẹ́ẹ̀ ni Rọ́ṣíà àti Gúúsù Áfíríkà. Brazil, Argentina, Chile àti Peru ń fúnni ní 90. Ìwọ̀nyí kò lọ́rọ̀ púpọ̀: ìwé ìrìnnà, tíkẹ́ẹ̀tì àbọ̀, ibi tí ẹ máa sùn, owó tó tó.

Ṣáínà jẹ́ tuntun. Ní oṣù Kìíní 2024, ìjọba méjèèjì fọwọ́ sí àdéhùn ní Bangkok, láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta ọdún náà ni ọmọ Táíláńdì ti ń wọlé láìgba físà fún ọjọ́ 30 lẹ́ẹ̀kan. Ọjọ́ 90 ni òdiwọ̀n rẹ̀ láàárín ọjọ́ 180, torí náà ọlọ́jà tó ń lọ ra ẹrù lóṣooṣù gbọ́dọ̀ máa kà á.

Ọjọ́ 15 péré ni Jàpáánì fi sílẹ̀, láti oṣù Keje 2013. Ẹni tó bá fẹ́ pẹ́ ju ìyẹn lọ, kó gba físà kó tó gbéra. Mo mọ ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ 18 nítorí ó rò pé 30 ni gbogbo ayé ń fúnni. Ó padà san owó láti yí tíkẹ́ẹ̀tì náà.

Kòríà Gúúsù ló gba àròjinlẹ̀ jù. Láti 1981 ni àdéhùn ti wà tó fún ọmọ Táíláńdì ní ọjọ́ 90 láìsí físà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọlé bí àlejò tí wọn ò padà, wọ́n wọ ilé iṣẹ́, oko àti ilé ìfọwọ́ra. "Phi noi" ni wọ́n ń pè wọ́n ní Táíláńdì, ìyẹn iwin kékeré: wọ́n wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ìwé tó rí wọn. Bí wọ́n bá ṣàìsàn, ìbẹ̀rù ń dí wọn lọ́nà ilé ìwòsàn. Bí ọ̀gá bá jẹ owó wọn, ẹ̀rù ń bà wọ́n láti pe ọlọ́pàá. Nítorí wọn ni ojú àwọn aṣọ́bodè Incheon, pápákọ̀ òfurufú wọn, fi le mọ́ gbogbo ọmọ Táíláńdì, títí kan ìyá àgbà tó fẹ́ lọ wo yìnyín. Ní ìparí 2023, inú bí àwọn ọmọ Táíláńdì débi pé wọ́n ń pè fún kí wọ́n yé lọ sí Kòríà.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda K-ETA lórí íntánẹ́ẹ̀tì. 10,000 won ni owó rẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ ó kéré tán ní wákàtí 72 ṣáájú ọkọ̀, ṣùgbọ́n ní tèmi, ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ má sì ra tíkẹ́ẹ̀tì tí kò ṣeé dá padà kó tó jáde. K-ETA kì í ṣe ìlérí pé ẹ máa wọlé. Wọ́n ṣì máa bi yín ní ibodè: ibo lẹ máa sùn, iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe nílé, ta lẹ mọ̀ ní Kòríà? Ẹ tẹ ìwé hòtẹ́ẹ̀lì, tíkẹ́ẹ̀tì àbọ̀, lẹ́tà ìsinmi láti ibi iṣẹ́ àti ètò ìrìnàjò ọjọ́ kọ̀ọ̀kan jáde lórí bébà, torí fóònù lè kú. Kí ẹ̀yin fúnra yín sì mọ orúkọ àwọn ibi tó wà nínú ètò náà. Ẹni tí ajẹ́ńtì bá ṣe ètò fún kì í lè dáhùn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: àbẹ̀wò tó gba físà

Fún Yúróòpù, físà Schengen ni, físà kan ṣoṣo tó ṣí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè níbẹ̀. Iléeṣẹ́ aṣojú orílẹ̀-èdè tí ẹ máa pẹ́ sí jù ni ẹ máa tọ̀ lọ. Bí ọjọ́ bá dọ́gba, ẹ tọ ti orílẹ̀-èdè tí ẹ máa kọ́kọ́ wọ̀. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láti oṣù mẹ́fà ṣáájú, kó má sì dín ní ọjọ́ 15. Láti oṣù Kẹfà 2024, owó rẹ̀ ti di 90 yúrò fún àgbà, 45 fún ọmọ ọdún 6 sí 11, ọmọ tí kò tó ọdún mẹ́fà kò sanwó. Ìwé adójútòfò ìlera gbọ́dọ̀ tó 30,000 yúrò. Ọjọ́ 90 láàárín 180 ni òdiwọ̀n, ẹ̀rọ ló sì ti ń bá wọn kà á báyìí: láti ọjọ́ 12 oṣù Kẹwàá 2025 ni ètò tuntun ti bẹ̀rẹ̀ tó ń gba àwòrán àti ìtẹ̀ka àlejò ní ibodè.

Àwa ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ẹni tó jókòó sẹ́yìn tábìlì físà kò gbà á gbọ́ bí kò bá rí i lórí ìwé, torí náà ẹ fi onílé hàn án: lẹ́tà láti ibi iṣẹ́ tó sọ owó oṣù àti ọjọ́ tí ẹ máa padà sẹ́nu iṣẹ́, ìwé ilẹ̀ bí ẹ bá ní i, ìwé ọmọ tó wà nílé ìwé. Àkọsílẹ̀ owó báńkì oṣù mẹ́fà tó ń wọlé tó ń jáde bí ti èèyàn tó ń gbé ayé rẹ̀ dára ju 500,000 baht tó balẹ̀ ní àná lọ. Owó tó já bọ́ lójijì, wọ́n mọ̀ pé yíyá ni. Bí ẹbí bá fúnni lówó lóòótọ́, ẹ kọ lẹ́tà tó sọ bẹ́ẹ̀, kí ẹni tó fúnni fi àkọsílẹ̀ báńkì tirẹ̀ tì í.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń fún àlejò ní oṣù mẹ́fà. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni fọ́ọ̀mù rẹ̀ wà, ẹ ó wá lọ tẹ̀ka ní Bangkok. Ẹni tó máa lò ju oṣù mẹ́fà lọ gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ ní ilé ìwòsàn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí.

Fún Amẹ́ríkà, fọ́ọ̀mù DS-160 ni, owó físà àbẹ̀wò ti di 185 dọ́là láti oṣù Kẹfà 2023, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò sì wà ní ojú ọ̀nà Witthayu ní Bangkok tàbí ní Chiang Mai. Òfin wọn ti gbà tẹ́lẹ̀ pé ẹ fẹ́ lọ gbé ibẹ̀ ni, ẹ̀yin lẹ máa fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n ń fi bá èèyàn sọ̀rọ̀, torí náà ìdáhùn kúkúrú tó jẹ́ òótọ́ sàn ju ìtàn gígùn. Wọ́n lè fún ọmọ Táíláńdì ní èyí tó máa lo ọdún mẹ́wàá.

Àǹfààní kan wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Láti oṣù Kẹfà 2023, ọmọ Táíláńdì tó ní físà àbẹ̀wò Amẹ́ríkà tó ṣì ń ṣiṣẹ́, tàbí tó ti gba físà Kánádà rí láàárín ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, lè wọ ọkọ̀ òfurufú lọ sí Kánádà pẹ̀lú eTA, ìyọ̀ǹda orí íntánẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ dọ́là Kánádà 7 péré. Ọkọ̀ òfurufú nìkan ni o, kì í ṣe ọ̀nà ilẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: físà iṣẹ́

Ẹ̀gbẹ́ méjì ni òfin tó dè yín: ti ilẹ̀ tí ẹ ń lọ, àti ti Táíláńdì fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ gbàgbé ìkejì. Òfin ìgbani-síṣẹ́ àti ìdáàbòbò olùwáṣẹ́ ti wà láti 1985, ọ̀nà márùn-ún péré ló sì gbà láti jáde lọ ṣiṣẹ́: kí ẹ̀ka ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ rán yín lọ, kí iléeṣẹ́ tó ní láísẹ́ǹsì mú yín lọ, kí ọ̀gá yín ní Táíláńdì mú yín lọ ṣiṣẹ́, kí ó rán yín lọ kọ́ṣẹ́, tàbí kí ẹ wá iṣẹ́ fúnra yín. Ẹni tó dá lọ gbọ́dọ̀ sọ fún ẹ̀ka náà ó kéré tán ọjọ́ 15 ṣáájú ìrìnàjò. Bí ẹ bá wálé fún ìsinmi láàárín àdéhùn, ẹ tún máa sọ fún wọn kí ẹ tó padà.

Owó àpò ìrànwọ́ fún òṣìṣẹ́ òkè òkun tún wà níbẹ̀: 300 sí 500 baht, ó dá lórí ìlú tí ẹ ń lọ. Ẹ san án. Bí ogun bá bẹ́, bí wọ́n bá dá yín padà, bí ikú bá ṣẹlẹ̀, owó kékeré yìí ló máa sọ ohun tí ẹbí máa rí gbà.

Fún Kòríà, ètò EPS tó bẹ̀rẹ̀ ní 2004 ni ọ̀nà tó mọ́ jù, ìjọba sí ìjọba. Ẹni tó wà láàárín ọdún 18 sí 39 ló lè wọ̀ ọ́. Ẹ máa kọ́ èdè Kòríà, ẹ máa ṣe ìdánwò EPS-TOPIK, orúkọ yín á wọ ìwé àwọn tí ọ̀gá ilé iṣẹ́ lè yàn. Yíyege kò túmọ̀ sí pé iṣẹ́ ti dé, àwọn kan ń dúró pẹ́. Bí ọ̀gá bá yàn yín, físà E-9 ló ń jáde: ọdún mẹ́ta, tó lè di ọdún mẹ́rin àti oṣù mẹ́wàá. Owó iṣẹ́ tó kéré jù tí òfin Kòríà là sílẹ̀, 10,030 won fún wákàtí kan ní 2025, kan òṣìṣẹ́ àjèjì pẹ̀lú. Àbúrò ìyàwó mi ọkùnrin gba ọ̀nà yìí. Ọdún kan gbáko ló fi kọ́ èdè ní alaalẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ oko, ìdánwò àkọ́kọ́ kò bọ́ sí i, ó tún un ṣe. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó gba ọ̀nà àlejò ṣáájú rẹ̀ rẹ́rìn-ín sí i pé ó ń fi àkókò ṣòfò. Wọ́n dá ọ̀rẹ́ náà padà láti ibodè, gbèsè tí bàbá rẹ̀ fi oko ìrẹsì dúró fún sì wà nílẹ̀ títí dòní.

Táíwàn ń gba òṣìṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ àti ilé kíkọ́. Àdéhùn ọdún mẹ́ta-mẹ́ta ni, èèyàn lè lò tó ọdún 12 lápapọ̀. Owó ajẹ́ńtì ló ń jẹ èrè wọn níbẹ̀, torí náà ẹ béèrè bóyá ọ̀gá náà máa gba ọ̀nà ìgbanisíṣẹ́ tààrà tí ìjọba Táíwàn ṣí sílẹ̀.

Ísírẹ́lì ní àdéhùn pẹ̀lú Táíláńdì láti 2010 fún iṣẹ́ oko, tí wọ́n ń pè ní TIC. Ọdún márùn-ún àti oṣù mẹ́ta ni òpin rẹ̀. Mi ò lè dárúkọ rẹ̀ kí n má sọ ti ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá 2023, tí wọ́n pa ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ọmọ Táíláńdì tí wọ́n sì kó àwọn mìíràn lọ sí Gásà. Ọ̀pọ̀ wọn ará Isan ni. Bí ẹni yín bá ṣì fẹ́ lọ, ẹ béèrè ibi tí oko náà wà gan-an, ẹ wò ó lórí àwòrán ilẹ̀, ẹ tún béèrè ibi ààbò tó wà níbẹ̀, kó tó fọwọ́ sí ohunkóhun.

Jàpáánì ní ọ̀nà méjì tó gbajúmọ̀. Ètò akọ́ṣẹ́ ti wà láti 1993, wọ́n sì ti pinnu láti fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ ní 2027. Ètò òṣìṣẹ́ alámọ̀ọ́ṣe bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹrin 2019: ìdánwò iṣẹ́ àti ti èdè Jàpáánì ní ìpele N4 ni wọ́n ń béèrè, ọdún márùn-ún ni ìpele kìíní, ẹ ò sì lè mú ìyàwó tàbí ọmọ dání àfi bí ẹ bá dé ìpele kejì.

Fún ọ̀dọ́ tó ti ka yunifásítì, ẹ wo físà 462 ti Ọsirélíà, tí èèyàn fi ń ṣeré tó sì ń ṣiṣẹ́. Ọjọ́ orí 18 sí 30, àyè 2,000 lọ́dún fún Táíláńdì, èdè Gẹ̀ẹ́sì tó tó IELTS 4.5, àti owó bíi 5,000 dọ́là Ọsirélíà lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n lẹ́tà ìtìlẹ́yìn láti ẹ̀ka ìjọba Táíláńdì tó ń rí sí ọmọdé àti ọ̀dọ́ ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, kíá ni àyè rẹ̀ sì máa ń kún lórí íntánẹ́ẹ̀tì, torí náà ẹ ti kó gbogbo ìwé jọ kí ọjọ́ náà tó pé. Ẹni tó bá ṣe oṣù mẹ́ta nínú irú iṣẹ́ ìgbèríko tí òfin là sílẹ̀ lè tọrọ ọdún kejì. New Zealand ní irú rẹ̀, àyè 100 péré. Amẹ́ríkà ní ti akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, físà J-1, fún àsìkò ìsinmi. Olówò tó fẹ́ dá ilé oúnjẹ sílẹ̀ níbẹ̀ lè wo E-2, torí Táíláńdì wà nínú àwọn tó ní àdéhùn òwò pẹ̀lú Amẹ́ríkà láti 1966. Jámánì náà ń gba alásè oúnjẹ Thai tó kọ́ṣẹ́ dáadáa, fún ọdún mẹ́rin.

Àwọn tó ń lọ ṣa èso inú igbó ní Fìnláǹdì nígbà ẹ̀rùn, ẹ gbọ́ o. Físà àlejò Schengen ni wọ́n fi ń lọ tẹ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ sì padà sí Isan pẹ̀lú gbèsè. Ní 2024, Fìnláǹdì dá ọ̀nà yẹn dúró. Ẹni tó bá sọ pé òun ṣì lè fi físà àlejò mú yín lọ, irọ́ ló ń pa.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ajẹ́ńtì

"Nai na" ni wọ́n ń pè é ní èdè Thai, ó sì sábà máa ń jẹ́ ọmọ abúlé kan náà, ẹni tí ìyá yín mọ ìyá rẹ̀. Ìyẹn kọ́ ni láísẹ́ǹsì. Ẹ gba nọ́ńbà láísẹ́ǹsì iléeṣẹ́ rẹ̀, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lórí doe.go.th tàbí kí ẹ pe 1694. Ẹ má san owó láìgba rìsíìtì tó ní orúkọ iléeṣẹ́ náà, ẹ má sì fi ìwé ìrìnnà sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni "kó má baà sọnù". Ìwé àdéhùn iṣẹ́ gbọ́dọ̀ wà ní èdè tí ẹ gbọ́, kó sọ owó oṣù, wákàtí, ibùsùn àti ẹni tó máa san tíkẹ́ẹ̀tì.

Bí iṣẹ́ bá jẹ́ ti kọ̀ǹpútà ní ẹ̀bá ibodè Cambodia tàbí Myanmar, owó rẹ̀ pọ̀ gan-an, wọn ò sì béèrè ìwé ẹ̀rí kankan, ẹ má lọ. Ọgbà àwọn oníjìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025, ọ̀pọ̀ èèyàn láti orílẹ̀-èdè púpọ̀, títí kan àwọn ọmọ Áfíríkà, ni wọ́n kó jáde láti Myawaddy ní Myanmar, gba ìlú ibodè Mae Sot wọ Táíláńdì.

Ní pápákọ̀ òfurufú, ẹ máa rí ibùdó àyẹ̀wò àwọn olùwáṣẹ́. Wọ́n láṣẹ láti dá ẹni tó ń díbọ́n bí arìnrìn-àjò dúró. Ẹni tó ní ìwé ẹ̀ka iṣẹ́ lọ́wọ́ kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ìgbésẹ̀ keje: ọmọ Táíláńdì tó fẹ́ ọmọ Yorùbá

Bí ọkọ bá jẹ́ ọmọ ìlú Gẹ̀ẹ́sì tàbí tó ní ìwé ìgbélùú níbẹ̀, owó tó ń wọlé fún un gbọ́dọ̀ tó 29,000 pọ́n-ùn lọ́dún, láti oṣù Kẹrin 2024. Ìyàwó máa ṣe ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì ìpele A1 àti àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ. Owó ìlera NHS jẹ́ 1,035 pọ́n-ùn fún ọdún kọ̀ọ̀kan, iye ọdún gbogbo ni wọ́n sì ń gbà lẹ́ẹ̀kan náà, torí náà ẹ ti fi sínú ìṣírò kí ẹ tó pe ẹbí jọ. Jámánì náà ń béèrè A1, ti èdè Jámánì. Goethe-Institut ní Bangkok ni ọ̀pọ̀ ti ń kọ́ ọ.

Bí ẹ bá fẹ́ mú un wá kí àwọn ẹbí ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, físà Nàìjíríà ṣe pàtàkì. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni físà àbẹ̀wò kúkúrú wà láti oṣù Karùn-ún 2025. Fún Benin, evisa.bj ni. Ohun tí wọ́n sábà máa ń gbàgbé ni káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú. Ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú ìrìnàjò, ó kéré tán, ni kó gbà á, a lè gbà á ní ilé ìwòsàn àrùn ilẹ̀ olóoru ti Mahidol ní Bangkok. Kó má sì ju káàdì náà nù lẹ́yìn àríyá, torí Táíláńdì fúnra rẹ̀ máa béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń bọ̀ láti Nàìjíríà.

Bí wọ́n bá kọ̀

Ẹ ka lẹ́tà náà kí ẹ tó bínú. Bí ìdí rẹ̀ bá jẹ́ ìwé tó kù, ẹ wá a, ẹ tún un ṣe. Bí ó bá jẹ́ pé wọn ò gbà pé ẹ máa padà, fọ́ọ̀mù kan náà lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e kò ní yí nǹkan kan padà. Ẹ jẹ́ kí nǹkan kan yí padà nínú ayé yín ná: iṣẹ́ tó ti pẹ́ sí i, ìrìnàjò sí Jàpáánì tí ẹ lọ tí ẹ bọ̀. Fún Schengen, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, gbèdéke rẹ̀ sì wà nínú lẹ́tà náà. Bí fọ́ọ̀mù mìíràn bá bi yín bóyá wọ́n ti kọ̀ yín rí, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ ni. Irọ́ níbẹ̀ ń pa físà tó ṣeé gbà tẹ́lẹ̀.

Bí ó bá jáde, ẹ ya fọ́tókọ́pì físà, ìwé ìrìnnà àti ìwé àdéhùn iṣẹ́ ní ẹ̀dà méjì. Ọ̀kan wà nínú báàgì yín, ọ̀kan wà nílé. Ẹ kọ nọ́ńbà ọ́fíìsì òṣìṣẹ́ Táíláńdì ní ìlú tí ẹ ń lọ sórí rẹ̀. Seoul, Taipei, Tokyo àti Tel Aviv ní in. Ti àbúrò ìyàwó mi wà nínú àpótí ìyá rẹ̀, lábẹ́ ìwé ilẹ̀.